Obìnrin Ara Ògiri Kilpeck

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìwé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá ló fà á. Wọ́n ń ka ìtàn ọ̀kan nínú wa, wọ́n dé ibi tí obìnrin kan ti ń wẹ̀, ni ariwo bá ta: "Yọ ọ́ kúrò! Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀?" Wọ́n sì yọ ọ́ lóòótọ́. Èmi ò lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, àyà mi já. Ohun tó yẹ kí n sọ ni mo wá kọ sílẹ̀ yìí.

Abúlé kan wà ní agbègbè Herefordshire, lápá ibi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá Wales pààlà. Kilpeck lorúkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, ti Màríà Mímọ́ àti Dáfídì Mímọ́, kéré gan-an, nǹkan bí ọdún 1140 ni wọ́n sì kọ́ ọ. Ibi tí ìjọ ń jókòó ló ṣáájú, ibi tí àlùfáà ń dúró tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìparí rẹ̀ tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìkòkò tí wọ́n là sí méjì. Ó parí. Mi ò dé ibẹ̀ rí o, àwòrán ni mo fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ti wo àwòrán náà débi pé mo lè fi ojú inú rìn yí i ká.

Yíyí i ká gan-an ló dùn. Lábẹ́ òrùlé, káàkiri ara ilé náà, orí òkúta kéékèèké yọ síta, wọ́n sì gbẹ́ nǹkan sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan. George Robert Lewis, ayàwòrán tó tẹ ìwé jáde lórí ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní 1842, ka 91. Èyí tó kù báyìí jẹ́ 85. Ajá kan àti ehoro kan fara ti ara wọn níbẹ̀. Ojú ajá náà yọ ròbòtò, ó ń wò bí ọmọ tó jí ẹran inú ọbẹ̀ jẹ tó wá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹnì kan ń ta ohun èlò orin tó jọ gòjé. Ẹni méjì gbá ara wọn mú: ṣé ìjàkadì ni àbí ìfẹ́? Ẹ bá mi wò ó. Ọ̀dọ́-àgùntàn Ọlọ́run pẹ̀lú àgbélébùú rẹ̀ náà wà níbẹ̀, kò ga ju ajá lọ, kò sì tóbi jù ú lọ.

Àwọn tó ń lọ wò ó a máa yin ẹnu ọ̀nà gúúsù jù. Òkè rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, orí ẹyẹ àti ti ẹranko tò yí i ká. Ejò ń gbé ìrù mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jagunjagun méjì tó wọ ṣòkòtò há sáàárín ìtàkùn, igi eléso sì wà lórí ìlẹ̀kùn gan-an. Ká sòótọ́, ó ti pọ̀ jù fún mi. Ojú ò ríbi sinmi. Tó bá jẹ́ ewì ni, màá ní kí akéwì yọ ìlà méjì. Ẹ rí i pé èmi náà mọ yíyọ o! Ṣùgbọ́n kí ojú lè sinmi ni tèmi, kì í ṣe torí ìtìjú.

Ó kan obìnrin náà wàyí. Sheela-na-gig ni wọ́n ń pe irú ère bẹ́ẹ̀, wọ́n wà lára ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé olódi ní Ireland àti Ìlú Ọba. Ti Kilpeck yìí ní orí ńlá, kò nírun, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ya abẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Lábẹ́ òrùlé ilé Ọlọ́run! Àwọn kan ní ìkìlọ̀ nípa ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ni. Àwọn mìíràn ní ṣe ló ń lé ibi sẹ́yìn. Ti ìkìlọ̀ yẹn ni kò wọ̀ mí létí rárá. Ẹni tó fẹ́ dẹ́rù bà yín kò ní gbẹ́ ojú tó ń múra àtirẹ́rìn-ín báyẹn. Ohun tí mo rí ni pé ìlà kan náà ni òun, ajá, onígòjé àti Ọ̀dọ́-àgùntàn jọ wà. Irú òkúta kan náà ni, òrùlé kan náà ló bò wọ́n. Gbólóhùn gígùn kan ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá fa òkúta kan yọ tó ń bi í pé ẹ̀kọ́ wo lo ní, kò tíì kàwé náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Shobdon. Agbègbè kan náà ni, lápá àríwá. Oliver de Merlimond, ìríjú ìdílé Mortimer, ẹni tó ti lọ sí Santiago de Compostela ní Spain fún ìrìn-àjò mímọ́, ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọnà gbà pé ẹgbẹ́ agbẹ́kùúta tó ṣe ti Shobdon náà ló ṣe ti Kilpeck. Nígbà tó di àwọn ọdún 1750, ìdílé Bateman tó ni ilẹ̀ náà fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó bágbà mu. Wọ́n wó ti àtijọ́. Wọn ò da àwọn ẹnu ọ̀nà ọlọ́nà náà nù o, wọ́n fẹ́ràn wọn! Wọ́n kó wọn lọ sórí òkè, wọ́n tò wọ́n síbẹ̀ kí ojú lè máa rí wọn lókèèrè. Kò sí òrùlé lórí wọn. Òjò àti òtútù ti jẹ wọ́n fún ohun tó lé ní 250 ọdún, wọ́n ti rí bí ọṣẹ tó kù sẹ́rẹ́ nínú báfù. Tá a bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, àwòrán tí Lewis yìí kan náà tẹ̀ jáde ní 1852 la máa lọ wò.

Kilpeck náà rí àtúnṣe láàárín àwọn ọdún 1840, lábẹ́ ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ Cottingham. Ṣùgbọ́n ajá, ehoro, onígòjé àti obìnrin náà ṣì wà láyè wọn, òrùlé ṣì ń bò wọ́n, àwọn èèyàn ṣì ń jọ́sìn nínú ilé náà.

Ní ti ìtàn tá a kà lọ́jọ́sí, ojú ìwé tí wọ́n yọ yẹn wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí n dá a padà kóun lè ya á. Màá dá a padà lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ méjì.