Nídìí Tábìlì Harkness

Ní ìlú Exeter, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan wà tí John Phillips dá sílẹ̀ lọ́dún 1781. Phillips Exeter Academy ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá wọ kíláàsì wọn yóò kọ́kọ́ máa wá ibi tí olùkọ́ ń dúró sí, kò sì ní í rí i. Kò sí àga tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, kò sí ọmọ tó ń wo ìpàkọ́ ọmọ mìíràn. Tábìlì ńlá kan ló gba àárín yàrá, ó ṣe roboto, ó sì gùn díẹ̀ bí ẹyin. Nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 12 ló yí i ká, olùkọ́ sì jókòó sáàárín wọn. Ìjókòó ọlá kankan kò sí nídìí rẹ̀. Kálukú ló ń rí ojú ẹnìkejì. Abẹ́ rẹ̀ ní pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n lè fà jáde lọ́jọ́ ìdánwò, kí kálukú lè kọ tirẹ̀.

Edward Harkness ló ni orúkọ tí tábìlì náà ń jẹ́. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó bá John D. Rockefeller dáwó lé iṣẹ́ epo Standard Oil níbẹ̀rẹ̀, ogún ńlá ló sì já mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Lọ́dún 1930, Harkness fún ilé-ẹ̀kọ́ náà ní mílíọ̀nù dọ́là 5.8. Ohun tó bá Lewis Perry, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, sọ ni pé kí ọ̀nà ìkọ́ni yí padà: kí ọmọ díẹ̀ jókòó ti olùkọ́ nídìí tábìlì, kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀, kí ọmọ tí kò yọrí láàárín ẹgbẹ́ náà lè ní ìgboyà láti lanu. Wọ́n gba olùkọ́ sí i, kíláàsì sì kéré. Mo kan sárá sí èrò yìí, àgàgà nítorí ẹni tó rò ó fún. Ọmọ tó mọ̀wé jù kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Láti alẹ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka ibi tí wọ́n yàn, yóò fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó rú u lójú, yóò kọ ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn ni yóò ṣí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ìtàn àròsọ ni wọ́n kà, tí ọmọbìnrin kan wá bèèrè ìdí tí ìyá inú ìtàn náà fi dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń parọ́ mọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀rù ló bà á. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé tó ṣáájú, ó ka ìlà méjì sókè, ó ní ìyá náà ti mọ òtítọ́ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ ti yí padà lójú gbogbo wọn, olùkọ́ kò sì tíì sọ nǹkan kan.

Iṣẹ́ ńlá ni ìdákẹ́ olùkọ́ yẹn. Ó ní ìdáhùn lẹ́nu, ó pa á mọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ yà bàrà kúrò nínú ìwé ló tó ju ìbéèrè kan sáàárín. Àwọn olùkọ́ kan a máa ya àwòrán tábìlì náà sórí ìwé, wọn a kọ orúkọ àwọn ọmọ yí i ká, wọn a sì máa fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e. Bí kíláàsì bá parí, ibi tí ìlà ti pọ̀ jù àti ibi tí kò ti sí rárá yóò hàn kedere. Mo fẹ́ràn ìwé yìí ju máàkì lọ.

Ọmọ tó yá lẹ́nu ni irú ìjíròrò yìí sábà máa ń le fún jù. Nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀, ó ń to tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè já ọ̀rọ̀ gbà. Ó máa ń pẹ́ kó tó yé e pé àríyànjiyàn tí wọ́n ń gba ẹ̀bùn nídìí rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Tó bá ti ń yé e, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: yóò dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú, yóò sọ ibi tó ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ kó tó sọ ibi tí kò ti gbà, yóò sì bi ẹni tó ti dákẹ́ látìgbà yìí léèrè ohun tó rò. Onítìjú ní tirẹ̀, ìbéèrè ló sábà ń bá wọlé. Ó kàn ka ohun tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé lálẹ́. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá pẹ́ lórí ìbéèrè yẹn, ohùn rẹ̀ á là sí i lọ́jọ́ mìíràn. Àwa tí wọ́n tọ́ pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà lè kọ́kọ́ rò pé àfojúdi ni irú kíláàsì báyìí. Èmi kò rí àfojúdi níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dúró de ara wọn sọ̀rọ̀ yẹn, ìwà ọmọlúàbí ni.

Ìṣirò pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ló kọ ìwé ìbéèrè fúnra wọn. Ìṣòro kan ń tẹ̀ lé òmíràn, láìsí orí kan tó kọ́kọ́ ń là wọ́n lóye òfin. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ̀nà tirẹ̀ sójú pátákó, á sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹgbẹ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, ẹnìkan a bi í léèrè ibi tó ti rí nọ́ńbà kan, òun náà a pa á rẹ́, a tún un ṣe lójú wọn. Òfin tí olùkọ́ ì bá ti kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ fún wọn, ẹnu ọmọ kan nínú wọn ni yóò ti jáde, nígbà tí wọ́n bá ti yanjú ìṣòro tó pọ̀ tó láti rí i.