Ìyálóde àti Ojú Ogun: Ẹ̀rí tí ó Wà nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ìfáárà

Òwe Yorùbá sọ pé bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ogun, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pa á ni kì í fẹ́ kí ó ṣẹ. Láti ọdún 2011 tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ológun Nàìjíríà ní Kàdúná ti kọ́kọ́ gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin sí ẹ̀ka àwọn tí yóò di ọ̀gá lójú ìjà gan-an, ni àríyànjiyàn ti ń lọ lórí bóyá ó yẹ kí obìnrin gbé ìbọn ko ọ̀tá lójú. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn a máa sọ pé àṣà wa kò mọ irú rẹ̀. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn a dárúkọ Mọ́remí àti Ẹfúnṣetán, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀, bí ẹni pé orúkọ nìkan ti tó ẹ̀rí.

Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti yẹ ẹ̀rí ìhà méjèèjì wò. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé eré-onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí olóògbé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1970, jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì nínú ẹjọ́ yìí. Ó jẹ́ ẹ̀rí nítorí ohun tí ó sọ, ó sì tún jẹ́ ẹ̀rí nítorí ohun tí ó fi sílẹ̀ láìsọ.

Obìnrin nínú Ìtàn Akọni

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ojú tí lítíréṣọ̀ Yorùbá fi ń wo obìnrin nínú ọ̀ràn ìjà, Fágúnwà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1938, ọkùnrin ni Àkàrà-Ògùn àti gbogbo àwọn akọni tí a dárúkọ pé wọ́n bá a lọ sí Òkè Láńgbòdó. Obìnrin kò ṣàì sí nínú ìwé náà. Obìnrin ni Ìrànlọ́wọ́ tí ó yọ Àkàrà-Ògùn nínú ewu. Obìnrin náà sì ni ìyàwó tí ó di mọ́ Kàkò pé kí ó má lọ, tí Kàkò fi àdá gé lulẹ̀ kí ó tó lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú irú ìtàn báyìí, bí obìnrin kò bá jẹ́ ẹni tí ń ranni lọ́wọ́, ohun ìdènà ni. Kò sí ibi tí a ti bi í bóyá òun náà fẹ́ lọ.

Ìtàn Mọ́remí yàtọ̀ sí èyí. Nígbà tí àwọn Ìgbò ń kó Ilé-Ifẹ̀ lẹ́rú, tí àwọn ọkùnrin ìlú rò pé iwin ni wọ́n nítorí aṣọ ìko tí wọ́n máa ń gbé wọ̀, Mọ́remí ni ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ kí wọ́n mú òun. Ó gbé láàrin wọn, ó mọ àṣírí wọn, ó sì padà wá sọ fún àwọn ará ilé pé iná ni kí wọ́n fi pàdé wọn. Bí a bá fi ojú ìmọ̀ ogun òde òní wo iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ amí ni, irú èyí tí a ń fi lé àwọn ọmọ-ogun àkànṣe lọ́wọ́: kí ènìyàn kan wọ àárín ọ̀tá láìsí ẹgbẹ́, láìsí ohun ìjà, láìsí ìdánilójú pé yóò padà. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn yìí, Olúorogbo ọmọ rẹ̀, tí ó fi rúbọ sí odò Ẹsinmìrìn, ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń parí sí. A rántí ìyá tí ó pàdánù ọmọ ju bí a ti rántí amí tí ó ṣẹ́gun lọ. Ère ńlá tí a gbé dúró fún un ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 2016 kò tíì yí ọ̀nà tí a ń gbà sọ ìtàn náà padà.

Ogun, Ọjà àti Ọ̀nà Rẹ́mọ

Kí a tó dé orí eré Ìṣọ̀lá, ó yẹ kí a mọ irú ogun tí a ń sọ. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ti idà àti ọfà nìkan mọ́. Ìbọn àti ètù ni ó ń pinnu ẹni tí yóò borí, ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó ní etíkun ni nǹkan wọ̀nyí sì ti ń wá. Ìbàdàn jìnnà sí òkun. Ọ̀nà tí ó rọrùn fún un jù ni èyí tí ó gba Ìkòròdú wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ. Nítorí ọ̀nà yìí ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe dó ti Ìkòròdú, títí ìjọba Èkó fi rán ọmọ-ogun lọ tú wọn ká ní oṣù Kẹta ọdún 1865. Nítorí àìrójú àìráyè ogun wọ̀nyí náà sì ni àwọn ìlú Rẹ́mọ bí Òfìn àti Màkún ṣe fi ibùjókòó wọn àtijọ́ sílẹ̀, tí wọ́n para pọ̀ di Ṣágámù ní ọdún 1872. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jókòó ní kíláàsì ní Ṣágámù lónìí, ìlú tí ogun bí ni ó jókòó sí.

Níbi tí ogun bá ti di ọ̀rọ̀ ọjà, obìnrin ti dé ibẹ̀, nítorí obìnrin ni ó ni ọjà. Ní Abẹ́òkúta, Ẹfúnróyè Tinúbú kó ohun ìjà fún àwọn Ẹ̀gbá láti fi dojú kọ Dàhòmì, a sì fi í jẹ Ìyálóde ní ọdún 1864. Ní Ìbàdàn, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ń fún àwọn balógun ní ìbọn àti ètù láwìn. Oyè Ìyálóde tí ó jẹ kì í ṣe oyè ọjà lásán. Ó ní àyè láàrin àwọn ìjòyè tí ń gbèrò ogun.

Ẹ̀sùn Mẹ́ta

Ọdún méjì lẹ́yìn ìdásílẹ̀ Ṣágámù ni Ẹfúnṣetán ṣubú. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, kọ ẹ̀sùn mẹ́ta tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1874. Ẹ̀kíní ni pé kò bá Ààrẹ lọ sí ogun. Ẹ̀kejì ni pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i nígbà tí ó wà ní ibùdó. Ẹ̀kẹta ni pé kò jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi láti kí i kú àbọ̀. Ní oṣù Karùn-ún a yọ ọ́ lóyè. Ní ìparí oṣù Kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru.

Kí olùkàwé tún ẹ̀sùn kìíní gbé yẹ̀ wò dáadáa. Àwọn tí ń sọ pé ojú ogun kì í ṣe ibi obìnrin ní àṣà Yorùbá yóò ní láti ṣàlàyé bí ó ṣe jẹ́ pé, ní ìlú tí ó jẹ́ olórí àwọn ìlú ológun, a bá obìnrin wí pé kò lọ sí ogun. Òtítọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó retí kí Ìyálóde yìnbọn ní iwájú. Ohun tí a retí ni pé kí ó wà níbẹ̀, kí ó bọ́ àwọn ọmọ-ogun, kí ó sì fi ara hàn pé ogun Ààrẹ ni ogun tirẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, kò sì yẹ kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn àwọn obìnrin ológun bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ náà ti tó, kò tó láti fi sọ pé àṣà ti ilẹ̀kùn ogun pa mọ́ obìnrin.

Nínú eré Ìṣọ̀lá, ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí kọ́ ni ó gbé ìtàn ró. Òfin tí Ẹfúnṣetán ṣe fún àwọn ẹrú rẹ̀, pé ẹrúbìnrin kò gbọdọ̀ lóyún àti pé ẹrúkùnrin kò gbọdọ̀ fún ni lóyún, ni ìpìlẹ̀ àhunpọ̀ ìtàn. Ikú Adétutù aláboyún ni ó mú kí inú bí gbogbo ìlú. Látòósà wá di olùgbàlà tí ó kó ènìyàn lọ ká ìkà mọ́lé, Ẹfúnṣetán sì fi májèlé pa ara rẹ̀ dípò kí ó gbé nínú ìtìjú. Ìṣọ̀lá kò fi ẹnu ara rẹ̀ dá ìwà ìkà yìí sílẹ̀. Johnson náà kọ ọ́ pé láti ìgbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí ti kú lórí ìkúnlẹ̀ ni ó ti ń fi ìyà jẹ àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó bá lóyún. Ohun tí òǹkọ̀wé ṣe ni pé ó gbé ọ̀ràn ilé síwájú, ó sì jẹ́ kí ọ̀ràn ogun rọ̀ sẹ́yìn.

Òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ sí èyí. Eré-onítàn kì í ṣe ìwé ìtàn, ohun tí Ìṣọ̀lá sì fẹ́ fi kọ́ni, pé ẹrú náà ènìyàn ni, pé agbára tí kò ní ìkáwọ́ yóò pa ẹni tí ó ni ín, jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó níyì. Ìfìwàwẹ̀dá rẹ̀ sì múná dóko. Ẹfúnṣetán rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí ojo. Ó dúró gbagidi níwájú àwọn ìjòyè, ìjà rẹ̀ sì bá wọn lẹ́rù. Ohun tí a lè bi eré náà ni èyí: nígbà tí a bá gbé gbogbo ìwà obìnrin alágbára lé orí ọmọ tí kò ní, kí ni ó kù fún un láti jẹ́ olóṣèlú? Látòósà inú eré ń jà nítorí ìlú. Látòósà inú ìwé Johnson ń bínú nítorí pé ẹni tí ó ń fún un ní ètù kọ̀ láti tì í lẹ́yìn. Obìnrin tí ó kọ̀ láti ná owó lé ogun ti di obìnrin tí àìrọ́mọbí yí lórí.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ. Ọ̀dọ́ tí ó bá ka eré náà láìsí àlàyé lè jáde pẹ̀lú èrò pé ibi tí agbára bá dé ọwọ́ obìnrin, ìkà ni yóò fi ṣe. Ó lè gbé èrò náà lọ sí ibi tí yóò ti máa yan ẹni tí yóò wọ iṣẹ́ ológun àti ẹni tí kò ní wọ̀ ọ́.

Ẹ̀rí láti Dàhòmì

Bí ìbéèrè bá jẹ́ pé ṣé obìnrin lè jà, ìdáhùn ti wá sí ẹnu odi Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, àti ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1864, àwọn obìnrin ológun wà lára ẹgbẹ́ ogun Dàhòmì tí ó kọ lu ìlú náà. Ìtàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń sọ ni pé ìgbà tí wọ́n yẹ òkú àwọn ọ̀tá wò ni wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n ń bá jà, tí inú sì bí wọn gidigidi. Ẹ̀rí tí ó wà nínú ìtàn yìí ni pé títí di ìgbà náà, kò sí ohun kan nínú ìjà wọn tí ó fi hàn pé obìnrin ni wọ́n. Ní ọdún 1892, àwọn kan náà ni ó dojú kọ àwọn ọmọ-ogun Faransé. Ère ńlá kan wà ní Kútọnù láti ọdún 2022 tí a fi ń rántí wọn.

Ṣùgbọ́n Dàhòmì tún kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ayaba ni a ka àwọn obìnrin wọ̀nyí sí, wọn kò gbọdọ̀ ní ọkùnrin mìíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì yan iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Pé obìnrin mọ ogun jà kò fi hàn pé ó wà ní òmìnira. Ẹni tí ó bá fi Dàhòmì ṣe àpẹẹrẹ gbọ́dọ̀ fi apá méjèèjì hàn.

Ìkádìí

Lóde òní, ẹ̀rí ti pọ̀ sí i. Ní ọdún 1994, Adérónkẹ́ Kálẹ̀, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò ọ̀gágun àgbà tí a ń pè ní méjò jẹ́nẹ́rà ní Nàìjíríà. Ẹnu ọ̀nà ìṣègùn ni ó gbà wọlé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Káfáyátù Sanni di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ń wa ọkọ̀ òfurufú ajagun, Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọ Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, sì di ẹni àkọ́kọ́ tí ó ń wa hẹlikọ́pítà ìjà. Arótilé bá àwọn ajínigbé àti adigunjalè jà láti ojú òfurufú. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2020, ìjàǹbá ọkọ̀ ní ibùdó ológun ní Kàdúná ni ó pa á. Ọta ọ̀tá kò bà á. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, a kó ọ̀ọ́dúnrún obìnrin ológun lọ sí ojú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná láti dáàbò bo àwọn arìnrìn-àjò. Ilẹ̀ Rẹ́mọ náà ní ẹ̀rí tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti ìbọn: ní ilé-ìwé Mayflower tí Tai Ṣólàrín dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, tọkùnrin tobìnrin ni ó ń kọ́ láti fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè bóyá obìnrin lè jà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí tí ó kù ni èyí tí ìtàn Ẹfúnṣetán gbé kalẹ̀: ta ni ó ń pinnu pé kí a lọ sí ogun, ṣé àyè sì wà fún obìnrin níbi ìpinnu náà? Ìyálóde ní owó nínú ogun, ó ní ènìyàn nínú rẹ̀, ó sì ní ẹnu láti sọ pé ó tó. Ìgbà tí ó lo ẹnu náà ni wọ́n pa á. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa gbé ìbọn, kí a fún wọn ní ohun tí a gbà lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán.

Olùdíje ìdánwò tí a bá bi ní ìbéèrè lórí ìwà Ẹfúnṣetán kò gbọdọ̀ fi ìwà ìkà rẹ̀ pamọ́, nítorí ó wà nínú ìwé. Kí ó fi ẹ̀jẹ̀ Adétutù hàn gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ti fi hàn án. Lẹ́yìn náà ni kí ó béèrè ohun tí Látòósà ń wá kiri nígbà tí ó wọ agbo ilé náà. Ẹni tí ó bá dáhùn ìyẹn ti ka eré náà yé.