Ìdè Àna àti Ogun nínú Dune

Nínú Dune, ìtàn-àròsọ tí Frank Herbert, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1965, ìgbéyàwó ni ó ń ṣe iṣẹ́ àdéhùn láàárín àwọn ìdílé olóyè tí ó ń ṣàkóso ayé oríṣiríṣi tí ó wà lójú sánmà, tí Shaddam Kẹrin ti ìdílé Corrino sì jẹ́ ọba lórí gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà lè kọ́kọ́ rò pé nítorí melange, èròjà amẹ́mìígùn tí kò sí níbòmíràn àyàfi ní ayé aṣálẹ̀ Arrakis, ni ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀. Ojúkòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdè àna tí wọn kò so ni ó sọ ojúkòkòrò náà di ìpakúpa.

Leto, olórí ìdílé Atreides, fẹ́ràn Jessica tí ó bí Paul fún un, síbẹ̀ kò gbé e níyàwó, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí àyè ìyàwó bá ṣì ṣófo láàfin rẹ̀, gbogbo ìdílé tí ó lọ́mọbìnrin ni yóò máa retí àtidi àna rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ní ewu tirẹ̀. Ọmọbìnrin márùn-ún ni Shaddam bí, kò bí ọkùnrin kankan, ẹni tí ó bá sì fẹ́ Irulan, àkọ́bí rẹ̀, lè na ọwọ́ sí ìtẹ́. Nítorí náà, àpọ́n tí àwọn olóyè ń gba tirẹ̀ ní Landsraad, ìgbìmọ̀ àwọn ìdílé ńlá, kì í ṣe ẹni tí ọba lè fojú fò dá. Shaddam fi Arrakis dẹ pàkúté fún Leto, ó sì wọ aṣọ Harkonnen, ọ̀tá Atreides, fún àwọn Sardaukar, ọmọ ogun tirẹ̀, kí àwọn ìdílé yòókù má baà mọ̀ pé ọwọ́ ọba wà nínú rẹ̀ kí wọ́n sì para pọ̀ dojú kọ ọ́.

Ibi tí iṣẹ́ Herbert ti jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí a kò bí. Àwọn Bene Gesserit, ẹgbẹ́ obìnrin tí ó ti ń ṣètò ẹni tí yóò bímọ fún ẹni láti ìrandíran, ti pàṣẹ fún Jessica pé kí ó bí obìnrin, kí wọ́n lè fi ọmọ náà fún Feyd-Rautha Harkonnen, kí ìjà ìdílé méjèèjì sì parí. Ọkùnrin ni Jessica bí, nítorí pé ọkùnrin ni Leto fẹ́. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé Jessica fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú olórí Harkonnen láìjẹ́ pé òun tàbí bàbá náà mọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ gan-an ni ọkùnrin yẹn ń wá pa. Herbert tipa bẹ́ẹ̀ fi hàn gbangba pé ìbátan tí aráyé kò jẹ́rìí sí kò lágbára láti dá idà dúró.

Nígbà tí Paul ṣẹ́gun, ó gba Irulan pẹ̀lú ìtẹ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìyàwó nìkan ni ó fún un. Chani ni olólùfẹ́ rẹ̀. Àléébù ìwé náà wà níhìn-ín: Irulan, ẹni tí àdéhùn àlàáfíà dá lé lórí, ni òǹkọ̀wé àwọn àyọkà tí ó ṣáájú orí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìtàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ó tó yọjú, Herbert kò sì jẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ ohun tí ìgbéyàwó yìí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Dune Messiah, tí ó jáde ní 1969, ni ó fèsì, nítorí níbẹ̀ ni Irulan ti ń yọ́ oògùn tí kò ní jẹ́ kí Chani lóyún sínú oúnjẹ rẹ̀, lẹ́yìn tí ogun tí wọ́n jà ní orúkọ Paul ti pa bílíọ̀nù 61 ènìyàn.