Kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́ Wo Nìyí? Ọ̀rọ̀ Lórí Èèpo Ìwé àti Ẹni Tó Ń Pè

Ìbéèrè kan ló bí àròkọ yìí. Nígbà tí a ń palẹ̀ ẹ̀dà kan mọ́ fún yín, a fi èèpo iwájú tí a fẹ́ lò ránṣẹ́ sí àbúrò ọ̀kan lára wa, ọmọ ogún ọdún tó wà ní yunifásítì. Àwòrán náà dùn mọ́ wa nínú gan-an. Gángan wà níbẹ̀, igbá fínfín wà níbẹ̀, owó ẹyọ tò yí gbogbo ẹ̀ ká, aṣọ àdìrẹ sì wà lábẹ́ wọn bí ẹní. Ọmọbìnrin náà wò ó títí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wo nìyí?"

A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wa. Àwọn ìtàn tó wà nínú ẹ̀dà yẹn dá lórí ọmọ tó ń wá ilé gbé l'Ékòó, ọmọbìnrin tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ já sílẹ̀ lórí WhatsApp, àti bàbá kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo POS. Ẹni tí a kọ wọ́n fún gan-an ló wo iwájú ìwé tó rò pé kò kan òun. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí a ṣe múra fún ìwé wa ni ọmọ yẹn ṣe kí i: ó kí i bí èèyàn ṣe ń kí àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí. Ó kúnlẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Èrò tiwa ni pé ìpè ni èèpo iwájú ìwé. Ẹni tó bá sì fẹ́ pe èèyàn gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ẹni tó ń pè. Dúró lójú títì, kó o pariwo pé "Ẹ̀yin ọmọ Oòduà!", ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n pe "Bọ́lá!", kó o wò ó bóyá ọrùn kan ò ní yí. Èèpo ìwé wa ń pe ọmọ Oòduà. Bọ́lá ń kọjá lọ ní tiẹ̀.

Àwa kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1951, wọ́n gbé ìwé àtìgbàdégbà kan jáde ní Cape Town, ní orílẹ̀-èdè South Africa. The African Drum ni wọ́n pè é. Òyìnbó ni Robert Crisp tó dá a sílẹ̀, òyìnbó ni Jim Bailey tó ń náwó sí i, àmọ́ adúláwọ̀ ni wọ́n fẹ́ tà á fún. Ìtàn ìbílẹ̀, orin ìbílẹ̀ àti ìṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló kún inú rẹ̀, ìrísí rẹ̀ sì bá inú rẹ̀ mu. Ìlù tó wà nínú orúkọ rẹ̀ pàápàá, ìlù abúlé ni.

Àwọn tí wọ́n ń lu ìlù ọ̀hún fún ti wọ ìgboro tipẹ́. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá, wọ́n ń gbọ́ jazz, wọ́n ń lọ sí sinimá, wọ́n ń lọ wo ìjà ẹ̀ṣẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé tó ń ṣàlàyé ìyá àgbà wọn fún wọn ṣe? Ọjà náà kò yá. Ọ̀rọ̀ yìí sì ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ. Ohun tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ìgbà náà ń wí ni pé abúlé ni ilé adúláwọ̀, pé àlejò lásán ni nígboro. Ìwé tó bá ya adúláwọ̀ sí abúlé nìkan, bí ẹni tó yà á tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ dé ọkàn, ọ̀rọ̀ ìjọba ló ń gbè lẹ́sẹ̀ láìmọ̀. A ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń ní "Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán lásán ni." Àwòrán máa ń sọ fún èèyàn ibi tí wọ́n rò pé ó yẹ kó dúró sí.

Lọ́dún yẹn kan náà, Anthony Sampson di olóòtú, ìwé náà kó lọ sí Johannesburg, wọ́n sì gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Drum. Iwájú rẹ̀ wá di ojú èèyàn: olórin, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, arẹwà tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó mú ìwé náà dání. Jürgen Schadeberg, ọmọ Jámánì, wà lára àwọn tó ń ya fọ́tò fún wọn. Ẹni tí ojú rírẹwà bá sì fà wọlé, kò mọ ohun tó máa bá nínú ilé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1952, ohun tó bá níbẹ̀ ni ìròyìn Henry Nxumalo, tó fi ara rẹ̀ ṣe lébìrà ní oko àwọn òyìnbó ní Bethal, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ oko ọ̀dùnkún. Ẹ̀rín níwájú, ẹ̀jẹ̀ nínú. Ojú tó wà níta ló mú kí ọwọ́ tó pọ̀ ṣí ìwé náà débi ìròyìn yẹn.

Àmọ́ a ò ní fi gbogbo ẹnu yin Drum o. Obìnrin ni wọ́n sábà ń gbé síwájú, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ̀wé nínú. Ẹni tí wọ́n fi ń pe èrò kọ́ ni wọ́n gbé ẹnu fún. Àwa tí à ń ṣe ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí mọ irú ìdánwò yìí dáadáa. Gbé ọmọge tó rẹwà síwájú ìtàn tí kò kàn án, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tún mọ̀ pé o tan àwọn jẹ, wọn ò sì ní padà wá. Tí a bá gbé ojú èèyàn síwájú, ó yẹ kí ìtàn ẹni yẹn wà nínú.

Drum dé ọ̀dọ̀ wa náà, ó ní ẹ̀dà tirẹ̀ fún Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti èdè Yorùbá, Atọ́ka ni ká bi. Ọdún 1967 ni ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ẹ bi àwọn òbí yín, wọ́n á rántí. Eré àwọn ẹgbẹ́ eléré ìtàgé ni wọ́n ń yà ní fọ́tò tẹ̀lé fọ́tò, tí wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé púpọ̀ á fojú bá ìtàn náà lọ. Ẹni tó mọ̀wé á kà á sókè fún ará ilé. Atọ́ka kò nílò igbá tàbí owó ẹyọ kó tó jẹ́rìí pé Yorùbá lòun. Ojú òṣèré tí wọ́n ti mọ̀ látorí ìtàgé ló fi ń pè wọ́n: ojú ẹni tó ń bínú, ojú ẹni tó ń parọ́, ojú ìyàwó tó ti fura. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe òwe lásán níbẹ̀, iṣẹ́ ni.

Ẹ má ṣì wá gbọ́. Gángan kò ṣẹ̀ wá. Lọ sí òde ìnáwó èyíkéyìí ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, gángan wà níbẹ̀. Àmọ́ èèyàn ló gbé e há abíyá. Ó ń làágùn, ó ń wo ẹni tó fẹ́ ná owó, nígbà tó bá sì sinmi, á yọ fóònù wò bóyá alert ti wọlé. Ya onígángan yẹn pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ọmọ yunifásítì á mọ̀ pé ìlú òun nìyí. Ìlù tí a gbé kalẹ̀ láìsí onílù, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé inú mùsíọ́ọ̀mù ni. Ẹ̀rù tó ń bà wá nìyẹn. Bí gbogbo iwájú ìwé Yorùbá bá rí bí inú mùsíọ́ọ̀mù, àwọn ọmọ wa á gbà pé èdè náà ti kú, pé ìsìnkú là ń pè wọ́n sí.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà ń bẹ. Láyé ọjọ́sí, fẹ́ńdọ̀ á to ìwé sílẹ̀ létí títì, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, ojú fóònù ni àtẹ. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ rí èèpo ìwé wa, kì í ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àtàǹpàkò yẹn kan náà lẹ ó sì fi tì í kọjá. Àwòrán mẹ́fà tí a kó jọ síbẹ̀ á di ìdọ̀tí. Ojú kan, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó tó.

Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ní àmì. Nínú ètò Unicode, ẹ ní àyè tirẹ̀, àmọ́ ẹ́ kò ní. A ó tẹ ẹ, a ó wá gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe fún irú iṣẹ́ yìí á ju àmì náà sórí lẹ́tà kejì, tàbí kó sọ ọ́ di àpótí òfìfo. Ayàwòrán tó ń kánjú á ní ká kúkú yọ àmì kúrò, pé kò dùn ún wò. Ẹ̀dà tí a fẹ́ fi sọ̀rọ̀ lórí dáńfó ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. "Ọkọ̀ Èrò" la kọ síwájú rẹ̀, àmì kan ṣoṣo bọ́, ó di "Ọkọ Èrò". Ẹ wo ìdílé tó tóbi! Ká tó fẹ́ràn fọ́ǹtì kan, ká kọ́kọ́ fi ẹ́, ọ̀ àti ṣ dán an wò.

A padà sórí èèpo tí àbúrò wa pè ní kàlẹ́ńdà. A kó igbá kúrò, a kó owó ẹyọ kúrò. A fi ọmọbìnrin kan síbẹ̀ tó jókòó lórí báàgì Ghana-must-go níwájú géètì tí wọ́n tì, fóònù wà létí rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ìtàn ọmọ tó ń wá ilé gbé nìyẹn. A tún fi ránṣẹ́. Àbúrò wa kò sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Ohun tó bi wá ni pé: "Ta ló tì í síta?"

A ní kó ṣí ìwé.