Ẹyẹlé Tàbí Àdàbà? Ìwòye lórí Àkọlé Kan tí David H. Rosenthal Fún Ìwé Rodoreda

Akéwì ni David H. Rosenthal (1945–1992), ọmọ bíbí New York. Èdè Kàtáláànì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀, síbẹ̀ òun ló tú Tirant lo Blanc, ìtàn akọni tí wọ́n tẹ̀ ní Valencia ní 1490, sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1984. Iṣẹ́ ribiribi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ mìíràn ló kàn wá níhìn-ín, àní àkọlé rẹ̀ nìkan.

Ìgbà tí Mercè Rodoreda wà nígbèkùn ní Geneva, tí ìjọba Franco ń tẹ èdè rẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé, ló kọ La plaça del Diamant (1962). Gbàgede kan ní àdúgbò Gràcia, ní Barcelona, ni àkọlé yìí dárúkọ. Níbẹ̀ ni Natàlia ti bá Quimet jó. Ibẹ̀ náà ló padà sí níparí ìtàn, tí ó fi igbe tí ó ti há sí i láyà láti ọjọ́ pípẹ́ ta. Rosenthal mú gbàgede náà kúrò. Ó pe ìwé náà ní The Time of the Doves (1980): ìgbà àwọn àdàbà.

Colom ni Kàtáláànì ń pe ẹyẹ yìí, ìbáà wà lórí òrùlé, ìbáà wà nínú Bíbélì. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀, Yorùbá náà sì yà wọ́n: ẹyẹlé ni à ń sìn nílé, àdàbà ni Ẹ̀mí Mímọ́ fi àwọ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Èwo ni ti Natàlia? Quimet ló kó àwọn ẹyẹ náà wálé. Aya rẹ̀ ló ń gbá ìgbẹ́ wọn. Wọ́n gba yàrá mọ́ ọn lọ́wọ́, òórùn wọn kò kúrò lára rẹ̀, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ẹyin wọn kí wọ́n má baà pa. Àdàbà kọ́ nìyẹn.

A lè gbèjà Rosenthal pé Colometa, ẹyẹ kékeré, ni Quimet sọ obìnrin náà, àti pé etí akéwì ló gbọ́ ìkẹ́ inú orúkọ náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn gan-an ló gba Natàlia lọ́wọ́ ara rẹ̀. Àkọlé tó bá rọ̀ mọ́ ọn ti gbè sẹ́yìn ọkọ. Ìtumọ̀ Eda O'Shiel, The Pigeon Girl (1967), sún mọ́ ìgbẹ́ ẹyẹ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ó sọ obìnrin náà di ẹyẹ pátápátá. Peter Bush ló dá gbàgede padà ní 2013.

Ìtumọ̀ Rosenthal ni mo fi kọ́kọ́ mọ Rodoreda, n kò sì lè ṣe aláìmoore. Bí ìwé yìí bá wọ Yorùbá lọ́jọ́ kan, ẹyẹlé ni kí a lò, ẹyẹ tí à ń fi wúre, kí òǹkàwé rí bí ire ṣe kún ilé títí onílé kò fi rí ibi jókòó.