Ìbọ̀sẹ̀ Kọ́ Ló Ń Dààmú Wa: Lórí Ìwé Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Ìrora Ìbàdí

Ìwé ìbéèrè kan wà tí àwọn onífisiotẹ́rápì kárí ayé fi ń wọn bí ẹ̀yìn dídùn ṣe ń dí ènìyàn lọ́wọ́ nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́. Roland-Morris ni wọ́n ń pè é. Martin Roland àti Richard Morris ló gbé e jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1983. Wọn ò kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Inú ìwé kan tó ti wà tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Sickness Impact Profile, tó ní gbólóhùn 136, ni wọ́n ti ṣa 24 jáde, tí wọ́n wá so "nítorí ẹ̀yìn mi" mọ́ wọn. Aláìsàn á fàmì sí gbólóhùn tó bá bá a mu lónìí, á sì fo èyí tí kò bá a mu. Àmì kan, máàkì kan. Ẹni tó bá gba 0, ẹ̀yìn kò dí i lọ́wọ́ rárá. Ẹni tó bá gba 24, kò sí ohun tó kù tó lè dá ṣe.

Ìwé náà ti wà ní Yorùbá. Chidozie Mbada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ló ṣe é, ìròyìn iṣẹ́ wọn sì jáde nínú Spine ní 2017. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kan sáárá sí wọn. Kí irú iṣẹ́ yìí tó dé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bi màmá àgbà léèrè ọ̀rọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ á máa ṣe ògbufọ̀ bó ṣe yé e, wọ́n á wá kọ nọ́ḿbà sílẹ̀ bí ẹni pé ẹnu màmá gan-an ló ti jáde. Àwọn Ígbò náà ní tiwọn. Chinonso Igwesi-Chidobe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e dé ìgbèríko Enugu. Nítorí náà, ẹjọ́ mi kò sí lọ́dọ̀ àwọn atúmọ̀. Ohun tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n túmọ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ìlànà tó wọ́pọ̀ fún irú ìtumọ̀ báyìí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, ni pé kí ènìyàn méjì túmọ̀ sí èdè tuntun, kí wọ́n pa á pọ̀, kí àwọn mìíràn tí kò rí ojúlówó rí dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ìgbìmọ̀ jókòó lé e, kí wọ́n sì dán an wò lára àwọn aláìsàn. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni dídá padà sí Gẹ̀ẹ́sì ń dán wò? Ó ń wò ó bóyá Yorùbá náà jọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìlànà náà sọ pé kí ìgbìmọ̀ wo bóyá ohun tí wọ́n ń béèrè wà nínú ìgbé ayé àwọn tí wọ́n ń bi. Àyẹ̀wò ìkẹyìn yìí gan-an ló ṣòro jù, torí pé tí ìgbìmọ̀ bá yí ìbéèrè padà jù, kò ní ṣeé fi wé ti London mọ́.

Ẹ wo ìbọ̀sẹ̀. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ lórí ìnira àtiwọ ìbọ̀sẹ̀. "Ìbọ̀sẹ̀" á lọ, á bọ̀, kò ní sọnù lójú ọ̀nà. Ìtumọ̀ tó péye ni. Òmíràn wà lórí dídi irin àtẹ̀gùn mú láti gòkè. Ní Kabba níbí, ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Ìyá àgbà tí kò gun àtẹ̀gùn láti oṣù Kìíní á fo méjèèjì. Ẹ rántí pé ohun tí wọ́n bá fò, òdo ni. Ìwé yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín "kò ni mí lára" àti "kò sí láyé mi". Bákan náà ló ń ka méjèèjì sí àlàáfíà.

Ìkejì, tó sì dùn mí jù, ni gbólóhùn tó pa títẹ̀ba àti kíkúnlẹ̀ pọ̀ sójú kan. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà méjì láti dé ilẹ̀ ni. Lójú tiwa ńkọ́? Títẹ̀ba, iṣẹ́ ni: ilẹ̀ gbígbá, oko ríro. Kíkúnlẹ̀, ọ̀wọ̀ ni. Obìnrin lè fi ìrora tẹ̀ba gbálẹ̀, kí ó sì kùnà láti kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Tí kò bá gbálẹ̀, ilẹ̀ á dọ̀tí. Tí kò bá kúnlẹ̀, wọ́n á ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́. Ìpalára ìkejì yìí kì í ṣe ti eegun ẹ̀yìn nìkan, ó ti wọ inú ẹbí, kò sì sí ibi tí màmá lè fàmì sí fún un.

Ní ti ọ̀rọ̀ "ẹ̀yìn" fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àgbà mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹ̀yìn ni ibi tí a ń pọn ọmọ sí, òun náà ni ohun tó kù lẹ́yìn ikú ẹni. Kí ènìyàn kàn sọ pé "nítorí ẹ̀yìn mi" láìfi "tó ń dùn mí" kún un, ó lè jọ pé ó ń ronú ogún tí yóò fi sílẹ̀. Ìyẹn rọrùn láti tún ṣe. Èyí tó le ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í pe ibi tí àwọn oníṣègùn ń wí ní ẹ̀yìn. Ìbàdí ni wọ́n ń pè é. "Ìbàdí ń ro mí." Ẹ béèrè ohun tó fà á, ọ̀pọ̀ á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé nǹkan dídùn ló pọ̀ jù lẹ́nu òun. Ẹni tó gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ló dá òun dúró sílé, tí ẹ bá bi í bóyá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣe ń jókòó sílé, á ní rárá, ẹ̀yìn òun kò ṣe nǹkan kan. Irọ́ kọ́ ló pa. Ìbéèrè ló ti yan okùnfà fún un kó tó lanu.

Ẹ jẹ́ kí n fi gírámà dí yín lọ́wọ́ díẹ̀, iṣẹ́ mi nìyẹn. Wọ́n ní kí aláìsàn ro ti òní. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìṣe tó wà nínú ìwé náà, "máa ń" ló máa bọ́ sí ní Yorùbá: mo máa ń yí ìjókòó padà, mo máa ń rọra rìn. "Máa ń" kì í ṣe ti òní, ìṣe bárakú ni. Ẹ kó "lónìí" àti "máa ń" sínú gbólóhùn kan, àgbàlagbà á yan èyí tí etí rẹ̀ gbà, bárakú sì ni etí rẹ̀ máa gbà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìtọ́jú, tí wọ́n bá tún bi í, bárakú yẹn náà ló máa sọ, wọ́n á ní ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́.

Gbólóhùn kan tún wà pé aláìsàn ń ní kí àwọn mìíràn bá òun ṣe nǹkan. Háà! Ní ilé tó ní ọmọ, ta ni àgbà tí kì í ránṣẹ́? Òmíràn ń béèrè bóyá ó ti ń kanra mọ́ ènìyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ro ó wò ná, kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún wọṣọ funfun, kó bi bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún léèrè bóyá inú ti ń bí i jù. Bàbá á ní, "A dúpẹ́." "A dúpẹ́" kò ní àpótí tí wọ́n lè fàmì sí.

Ti Oswestry, tí Jeremy Fairbank àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1980, ní ìpín mẹ́wàá, ọ̀kan sì jẹ́ ti ìbálòpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò ó, wọ́n á wá pín máàkì pẹ̀lú 45 dípò 50. Ìtìjú ni wọ́n ń pè é. Èmi ò gbà tán. A ní ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ́ láìtú ara sílẹ̀, bí ẹni tó ń béèrè bá dàgbà tó, tó sì jẹ́ obìnrin sí obìnrin, ọkùnrin sí ọkùnrin.

Mo ka gbólóhùn Roland-Morris, bí mo ṣe túmọ̀ wọn fúnra mi, fún aládùúgbò mi kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Owé la jọ ń sọ. Yorùbá àjùmọ̀lò yé e dáadáa, ó ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ara ríro, Owé ló ń bọ́ sí. Ó gba 7 nínú 24. Lójú ìwé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì le. Mo wá bi í pé, "Màmá, kí lẹ ò lè ṣe mọ́?" Kò ronú. Ó ní kaṣú. Kaṣú kì í ṣe ohun tí à ń nàgà ká, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ á tẹ̀ba láti àárọ̀ di ọ̀sán ní gbogbo àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti ní kí ẹlòmíràn máa ṣà á, kí wọ́n jọ pín in. Ìdajì owó ọdún rẹ̀ ti lọ. Ó ní òun ò lè pọn ọmọ ọmọ òun mọ́. Ó ní òun ń kí àwọn àgbà lóòró. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ìkúnlẹ̀ nìkan ló ní àmì tirẹ̀ nínú ìwé, ìyẹn náà jẹ́ ìdajì gbólóhùn.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Máàkì márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó gbà pé ara aláìsàn ti yá sí i. Ẹni tó ní 7 gbọ́dọ̀ bọ́ sí 2. Tí ó bá padà sídìí kaṣú lọ́la, tó ń ṣà á fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí 7 rẹ̀ má mì. Dókítà á ní oògùn kò ṣiṣẹ́, àwọn tó ń fowó sí ìtọ́jú á gba ọ̀rọ̀ dókítà. Ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni wọ́n ṣírò pé ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dùn lágbàáyé ní 2020, àwọn nọ́ḿbà kéékèèké báyìí ni wọ́n sì fi ń pinnu ìtọ́jú tó yẹ wọ́n.

Èmi ò sọ pé kí a sun ìwé náà níná. Ó wúlò fún fífi Ifẹ̀ wé Enugu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Aderonke Akinpelu, Adesola Odole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní Ìbàdàn ní 2007 fún orúnkún àti egungun ìtan: wọn ò túmọ̀ ti ẹnì kan, ìgbé ayé ibí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Ìbàdàn sọ ìwé náà. Kí ló dé tí ìbàdí kò ní irú rẹ̀? Kí irú rẹ̀ tó dé, ọ̀nà kan wà tí Paul Stratford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ti là sílẹ̀ láti 1995: kí aláìsàn fúnra rẹ̀ dárúkọ ohun bíi mẹ́ta sí márùn-ún tó ń nira fún un, kó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 10. Bí nọ́ḿbà bá ṣòro, ẹ lo ìka ọwọ́. Màmá fún kaṣú ní ìka méjì. Ó fún ìkúnlẹ̀ ní mẹ́ta. Nígbà tó kan ọmọ ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́.