Ìpàkọ́ Gẹ́gẹ́ bí Ojú: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere lórí Irun Dídì

Bí a bá ń ka àwọn ayàwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́tò ṣe iṣẹ́ ọnà lórí oge ṣíṣe ní ilẹ̀ Nàìjíríà, J. D. 'Okhai Ojeikere kò ní gbẹ́yìn. Ọmọ Emai ni, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní; síbẹ̀ Ìbàdàn àti Èkó ni ó ti ṣiṣẹ́ jẹun, ọ̀pọ̀ irun tí ó yà ni ó sì ń jẹ́ orúkọ Yorùbá. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àkójọ irun nìkan kọ́ ni ó fi sílẹ̀, àkójọ orúkọ pẹ̀lú ni. Ibi orúkọ yìí gan-an ni àléébù sì wà.

Ọdún 1930 ni wọ́n bí i. Ní 1950 ó ra ẹ̀rọ fọ́tò Brownie kan. Ní 1954 ó di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn. Láti 1963 ni ó ti wà ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Èkó, títí di 1975 tí ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Lójú tiwa, iṣẹ́ ìpolówó yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn lámèyítọ́ ti ń kà á sí lọ. Ẹni tí ó ń yàwòrán ọjà mọ bí a ti í yọ ohun kan ṣoṣo kúrò láàrin ariwo ọjà.

Ohun tí ó ṣe fún irun nìyẹn láti 1968. Ògiri funfun tàbí eléérú ni ó wà lẹ́yìn, àwòrán aláìláwọ̀ ni, obìnrin náà sì kẹ́yìn sí wa. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Obìnrin tí ó dirun kò lè rí ibi tí ẹwà irun náà pọ̀ sí. Ayàwòrán wá di ẹni ẹlẹ́ni tí ó bá a rí i. Àwòrán irun tí ó ṣe tó ẹgbẹ̀rún kan, bẹ́ẹ̀ irun tí kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí a tó tú u ni.

Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ náà ní Paris ní 2000, ní Kassel ní 2007, àti ní Venice ní 2013, ọdún kan kí ó tó kú. Àwọn ará Yúróòpù a máa fi irun wọ̀nyí wé ère gbígbẹ́. A kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ère ní agbẹ́gilére. Nínú àkọlé àwọn àwòrán wọ̀nyí, orúkọ irun ni a ń rí, a kì í rí ti onídìrí. Ta ni ó fi òwú dúdú kó irun tí ó ga sókè nínú "Onile Gogoro Or Akaba" ti 1975? Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn: ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ní 1965, ni a parí Cocoa House alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní Dùgbẹ̀. Àwọn onídìrí ń wo ìlú, wọ́n sì ń kọ́ ọ sórí. Ìyẹn náà ìtumọ̀ ni, kì í ṣe ọnà lásán.

Àmọ́ láìsí àmì ohùn, ìtumọ̀ a máa sọnù. Ẹ wo "Aja Nloso Family" ti 1980. Ṣé ajá tí ó lóṣòó ni, àbí àjà ilé? Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi àwòrán náà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí ìdáhùn nínú ìwé. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá onídìrí ìgbà náà ni yóò ti bèèrè, iye wọn sì ń dín kù.